Owó Tí Ẹ Rí Nínú Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ní Owó Orí

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń ta aṣọ àti ilé àfọwọ́yà nínú eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Second Life. Àwọn mìíràn ń ṣe eré tuntun sórí Roblox. Owó inú eré ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, wọ́n á sọ ọ́ di dọ́là, dọ́là á di náírà nínú àkáǹtì wọn. Ẹ̀yin tó ń gbé ní Nàìjíríà tí ẹ ń rí irú owó yìí, owó iṣẹ́ ni lójú òfin.

Òfin owó orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, dárúkọ èrè orí ohun-ìní íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà. Bí ilé-iṣẹ́ tó san án bá tiẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ibi tí ẹ ń gbé ni òfin ń wò.

Ẹ má jáyà. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. ₦15 nínú ₦100 ni ti ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. ₦18 ni ti èyí tó kàn. Ká ní ẹnì kan rí ₦3,400,000, tó ná ₦400,000 sórí dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ tó fi ṣiṣẹ́. Ó san ₦600,000 fún ilé tó ń gbé, òfin sì gbà kó yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ₦120,000. Owó orí rẹ̀ á jẹ́ ₦312,000. Bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kankan, ₦402,000 ni yóò san. Ó dùn wá pé ẹni tó ṣiṣẹ́ kára lè pàdánù ₦90,000 nítorí rìsíìtì.

Nítorí náà, ẹ máa kọ ọjọ́ tí owó wọlé sílẹ̀, iye dọ́là, iye náírà tó dà, àti iye tí ilé-iṣẹ́ eré yọ. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín pa mọ́, torí wọ́n lè ti àkáǹtì eré nígbàkigbà. Ẹ̀yin òbí tí owó ọmọ ń gba àkáǹtì yín wọlé, ẹ kọ tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Nọ́ńbà NIN yín náà ni nọ́ńbà owó orí yín. Ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ni kí ẹ mú ìṣirò yín lọ, ó pẹ́ tán ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìtanràn ẹni tó bá kọ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó orí sínú àkáǹtì òun fúnra rẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀. Àkáǹtì ìjọba nìkan ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì.