Àyẹ̀wò ìwọ̀n tacrolimus
Àyẹ̀wò ìwọ̀n tacrolimus jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí a pààrọ̀ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ fún. Oògùn yìí, tí a ṣàwárí ní Jàpáànì ní ọdún 1984, ni kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀yà tuntun náà. Bí ó bá kéré jù, ara lè kọ̀ ọ́; bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. A máa ń gba ẹ̀jẹ̀ náà kí aláìsàn tó lo oògùn òwúrọ̀.

Ọ̀nà àyẹ̀wò méjì ló wọ́pọ̀. Immunoassay ń lo antibody tí ó ń dì mọ́ oògùn náà. Ó yá, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n ó lè ka àwọn èròjà tí ara ti sọ oògùn náà dà mọ́ ọn, kí èsì sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. LC-MS/MS ń ya èròjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ó péye jù, àmọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, ọ̀nà kan náà ni ó yẹ kí aláìsàn máa lò.

Ní Nàìjíríà, pípààrọ̀ kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 ní ilé ìwòsàn St. Nicholas, Èkó. Ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà pẹ̀lú Ẹdẹ, ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2002. Jíìnì CYP3A5, tí ń mú kí ara tètè fọ́ tacrolimus, ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ Yorùbá. Irú wọn sábà máa ń nílò oògùn púpọ̀ sí i, àyẹ̀wò ló sì ń fi hàn bóyá ó tó.