Jẹnẹrétọ̀ tó ń lo ìtọ̀: ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ bi ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí

Oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mẹ́rin láti ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpájà gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń lo ìtọ̀ wá síbi àfihàn Maker Faire Africa tó wáyé l'Ékòó. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, ẹnì kan tó kù jẹ́ 15. Wọ́n ní lítà ìtọ̀ kan á gbé iná fún wákàtí mẹ́fà. Níbi tí NEPA ti ń mú iná lọ nígbà tó bá wù wọ́n, ta ni ò ní fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀? Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi dé òkè òkun.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n á da ìtọ̀ sínú ohun èlò kan tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Iná yìí ló ń yọ háídírójìn jáde. Gáàsì náà á gba inú asẹ́ omi bọ́ sínú sílíńdà, á tún gba inú borax olómi kí ọ̀rinrin ara rẹ̀ lè kúrò, kó tó wọnú jẹnẹrétọ̀. Háídírójìn máa ń bú gbàù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìdènà sí i kó má baà padà sẹ́yìn. Ọpọlọ ńlá nìyẹn o, fún ọmọ ọdún 14!

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì béèrè pé: iná tó ń yọ háídírójìn jáde ńkọ́, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Lóòótọ́, ní 2009, Gerardine Botte ti Yunifásítì Ohio l'Amẹ́ríkà fi hàn pé yíyọ háídírójìn lára yùríà inú ìtọ̀ ò gba iná tó ti omi lásán. Síbẹ̀, ó ń gba iná. Ẹni tó sọ iye tó ta ọjà láìsọ iye tó rà á kò tíì sọ èrè fún wa.

Ibẹ̀ ni ìwádìí ti yàtọ̀ sí practical WAEC. Nínú practical, olùkọ́ ti mọ èsì tó yẹ kó jáde. Nínú ìwádìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ìwọ̀n àti àkọsílẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Kò sì dìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọwọ́ kan gáàsì tó lè bú gbàù. Eruku ojú títì Oṣòdì tó ṣe ìwádìí. Ṣé eruku yìí ń dín agbára àtùpà sólà kù? Kó wá àtùpà méjì tó jẹ́ irú kan náà, kó sá wọn sóòrùn pa pọ̀ fún iye wákàtí kan náà. Kó máa nu ojú ọ̀kan láràárọ̀, kó má fọwọ́ kan èkejì. Tó bá di alẹ́, kó kọ iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi tàn sílẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kó kọ ìyẹn náà, torí òjò á ti fọ eruku dànù. Tó bá jẹ́ pé eruku ò ṣe nǹkan kan, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èsì náà nìyẹn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn tún un ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó pààrọ̀ wọn: èyí tó ń nù tẹ́lẹ̀ ni kó fi sílẹ̀, kó wá máa nu èkejì. Ó lè jẹ́ pé láti ṣọ́ọ̀bù ni bátìrì ọ̀kan ò ti lágbára tó ti èkejì.