Bí ìjọ bá pa ọ́ tì, ta ni yóò kí ọ?

   Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Jos, ní Bukuru àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ Plateau, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tí ìjọ wọn pa tì ni, àwọn tó wà láàyè, ṣùgbọ́n tí àwọn tí wọ́n jọ ń gbàdúrà kò kí wọn mọ́.

Nílé, bí ìjọ bá bínú sí èèyàn, agbo ilé ṣì wà. Bàbá àgbà wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wà, àwọn tí wọ́n jọ ṣeré lọ́mọdé wà. Níbí ńkọ́? Níbi tí a ti jẹ́ àlejò, ìjọ ni agbo ilé. Ibẹ̀ la ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ la ti ń rí onídùúró bí a bá fẹ́ gba ilé, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Jos lọ́jọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, àwọn kan sá lọ sí bárékè, àwọn mìíràn sá sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má kí, ibo ni kí òun sá sí?

Kí a má da ọ̀rọ̀ pọ̀ o. Ìbáwí yàtọ̀ sí ìpatì. Àwọn ìjọ wa àtijọ́ máa ń fi èèyàn sábẹ́ ìbáwí: kò ní jẹ Oúnjẹ Olúwa, yóò kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì lè jókòó sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Ó dunni, ṣùgbọ́n bí ìsìn bá parí, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ. Ìpatì ni kí wọ́n rí ọ lọ́jà kí wọ́n gba òdìkejì títì kọjá.

Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà lára àwọn tó kọ ìlànà tiwọn sílẹ̀ kedere. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àwọn alàgbà wọn bá yọ ẹnì kan lẹ́gbẹ́, wọ́n á kéde ní Gbọ̀ngàn Ìjọba pé lágbájá kì í ṣe Ẹlẹ́rìí Jèhófà mọ́. Ó parí nìyẹn. Kò sí ìkíni, kò sí jíjẹun pọ̀. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ̀wé fi wọ́n sílẹ̀ náà ń jẹ irú ìyà kan náà. Tọkọtaya ṣì ń bá ara wọn gbé, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kúrò nílé lè máà gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu òbí rẹ̀ àfi bí ọ̀rọ̀ ẹbí tó ká wọn lára bá délẹ̀. Ní ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Olùdarí wọn dẹ okùn náà díẹ̀. Wọn kò pè é ní yíyọ lẹ́gbẹ́ mọ́, wọ́n ní mímú kúrò nínú ìjọ. Wọ́n sì gbà kí èèyàn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ṣókí bó bá wá sí ìpàdé, àyàfi ẹni tí wọ́n bá kà sí apẹ̀yìndà. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé kí ni ìkíni ṣókí jẹ́. Ẹni tí kò tíì gbọ́ "ẹ káàárọ̀" lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe àwọn nìkan o. Àwọn ìjọ mìíràn wà tí wọn kò kọ òfin kankan sílẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mọ́ṣáláṣí bá pín sí méjì nítorí oyè ìmáàmù, ẹ ó rí i bí àwọn ọmọ ìyá kan náà ṣe ń kọjá lára ara wọn.

Àwọn Mùsùlùmí wa mọ ìtàn Ka'b ibn Malik. Ọdún 630 ni, ọdún kẹsàn-án Hijra. Ànábì Muhammad kó ogun lọ sí Tabuk, Ka'b jókòó sílé láìní àwíjàre. Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọn kan parọ́, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Ka'b sọ òótọ́, òun àti àwọn méjì mìíràn, Murara àti Hilal. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn mẹ́ta yìí sọ̀rọ̀. Àwọn méjì yẹn jókòó sílé, wọ́n ń sunkún. Ka'b ní tirẹ̀ ń jáde. Ó ń lọ kírun, ó ń lọ sọ́jà, ó ń kí èèyàn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gun ògiri ọgbà Abu Qatada, ìbátan rẹ̀ tó fẹ́ràn jù, ó kí i, ìyẹn náà dákẹ́. Àsìkò yìí gan-an ni lẹ́tà ọba Ghassan dé, pé àwọn gbọ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ka'b ju lẹ́tà náà sínú ààrò. Lẹ́yìn àádọ́ta ọjọ́, ìdáríjì dé; ó wà nínú Suratu Tawba. Bó ṣe wọ mọ́ṣáláṣí, Talha sáré dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Ka'b sì sọ pé òun kò ní gbàgbé ìyẹn fún Talha láéláé.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọjọ́ náà níye. Ní ti àwa Kristẹni, Pọ́ọ̀lù nínú ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì ní kí wọ́n má bá ẹnì kan jẹun. Nínú ìwé kejì, orí kejì, ó sọ nípa ẹnì kan tí wọ́n bá wí pé ìyà náà ti tó, kí wọ́n tù ú nínú kí ìbànújẹ́ má baà gbé e mì. Àwọn tó ń ka ti àkọ́kọ́ sókè fún ìjọ, mélòó nínú wọn ló ń ka ti èkejì?

Ẹ̀yin tó sì ń sọ pé ìkíni lásán ni, ẹ gbọ́ o. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n wá pa ẹnì kan tì nínú eré náà, wọ́n ń wo ọpọlọ rẹ̀. Ibì kan tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá ń dun èèyàn ló jí.

Ìwọ tí wọ́n pa tì, má ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ṣe bíi Ka'b, máa jáde, máa kí wọn. Wá ibi méjì lọ́sẹ̀ tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ, ì báà jẹ́ ìpàdé ọmọ ìlú, ì báà jẹ́ ìsọ̀ ọ̀rẹ́. Bí ìyá rẹ kò bá gbé fóònù, fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, má fi àríyànjiyàn sí i. Má sì sọ ọmọ rẹ di ìránṣẹ́ láàárín yín. Má yára bá àwọn ẹlẹ́nu dídùn lọ, àwọn tí yóò dé lọ́sẹ̀ kìíní pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ìtura wà. Lẹ́tà Ghassan ni ìyẹn.

Owó ńkọ́? Tìrẹ ni owó tí o fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìjọ. Mú ìwé ìfowópamọ́ rẹ, kọ lẹ́tà, fi déètì sí i, mú ẹlẹ́rìí kan dání. Bí o bá ti ṣe onídùúró fún ẹnì kan, yanjú ìyẹn ná. Ní ti òfin, abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún ọ láṣẹ láti yí ìsìn rẹ padà, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò fipá mú èèyàn kí ọ, nítorí náà má fi owó rẹ ṣòfò lọ́dọ̀ lọ́yà. Bí wọ́n bá lù ọ́ ni ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Bí oorun bá dá lójú rẹ, tí oúnjẹ kò lọ, tí o ń ronú ikú, ẹ̀ka ìtọ́jú àárẹ̀ ọkàn wà ní JUTH. Kì í ṣe ìtìjú.

Ó wá ku àwa aṣíwájú. Obìnrin kan nínú wa bímọ, kò sẹ́ni tó wá láti ìjọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ló dáná, bàbá kan tó jẹ́ alhaji ló sì gbé ọmọ náà jó. Àwọn méjì kan rojọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé a ń ti ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni tiwa. Ìjọ lè yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú ìwé tirẹ̀; kò lágbára lórí ìwé tiwa.

Ohun kan ṣì kù tí a kò tíì yanjú, òun náà ni ìsìnkú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú síbí, ta ni yóò gbàdúrà, ibo la ó sin ín sí? Ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tó wà láàyè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. A ó gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, tó bá ń tijú, kó wá bá mi kí a tó bẹ̀rẹ̀. A ó ti fi àga kan sílẹ̀ dè é.