Ẹṣin Kú, Ó Fi Ìrù Sáyé

Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Bí wọ́n bá pa òwe yìí lónìí, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé agbéraga ni wọ́n fi ń bá wí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń fi í mọ sí. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ pa á mọ ẹṣin dunjú. Wọ́n mọ bó ti í rí lára ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tí kò ní gùn mọ́ láé. Nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá láti etí igbó títí dé etí òkun, ẹṣin kò fìgbà kan jẹ́ ohun ọ̀sìn bí ewúrẹ́ àti àgùntàn tí í bí sí i láàárín agbo ilé. Àlejò pàtàkì ni. Ẹni tó bá gbà á sílé ti mọ̀ pé ọjọ́ ìdágbére ń bọ̀.

Ìhà àríwá ni ẹṣin ti ń wá. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní pápá ọ̀dàn, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ilẹ̀ Tápà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí àti láti ilẹ̀ Haúsá ni Aláàfin àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ti ń rí ẹṣin ogun rà. Owó rẹ̀ kò kéré. Ọ̀rọ̀ tó korò ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ẹṣin láyé òwò ẹrú. Nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa pọ́n ayé ẹlẹ́ṣin lé bí ẹni pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹṣin bá sì délé tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọn a máa pa koríko fún un lójoojúmọ́, wọn a máa fún un ní ọkà bàbá, wọn a máa pọn omi fún un, wọn a máa wẹ̀ ẹ́, wọn a sì máa yẹ pátákò rẹ̀ wò. Ẹlòmíràn nínú àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin yóò bá a sọ̀rọ̀ ju bó ti ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹṣin yìí wà lára ohun tó sọ Ọ̀yọ́ di ìlú tí gbogbo àyíká ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ ilẹ̀ Dahomey nígbà ayé Agaja ọba ibẹ̀, ìbọn tí àwọn ará Dahomey ní kò sì gbà wọ́n. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ń sún mọ́lé, ogun Ọ̀yọ́ a kẹ́rù, a padà sílé. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kò gba ẹṣin. Eṣinṣin kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Bó bá ti ta ẹṣin, àìsàn wọ ọ́ lára nìyẹn. Ara ẹṣin náà yóò máa gbóná, yóò máa rù, ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, títí yóò fi dùbúlẹ̀ tí kò ní lè dìde mọ́. Kò sí olówó tí owó rẹ̀ ra eṣinṣin yìí padà. Ìjòyè tó gun ẹṣin rẹ̀ wọ ìlú igbó tìlù tìfọn lè fi ẹsẹ̀ rìn jáde níbẹ̀.

Kí ló wá kù fún ẹni tí ẹṣin rẹ̀ kú? Àwọn àgbà ní ìrù ni ẹṣin fi í sáyé. Àfiwé ni ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ni wọ́n fi í pòwe, ṣùgbọ́n ohun gidi wà nídìí rẹ̀. Ìrù ẹṣin tàbí ìrù màlúù ni wọ́n fi ń ṣe ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ọba ń gbé lọ́wọ́, tí babaláwo náà ń lò. Ohun tó ń lé eṣinṣin lára ẹṣin nígbà tó wà láàyè di ohun tí ọba fi ń dá ènìyàn lóhùn. Ẹṣin ti lọ, nǹkan rẹ̀ kan ṣẹ́kù tí ọwọ́ lè dì mú.

Ní ààfin Ọ̀yọ́, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí kọjá ìrù. Ìjòyè kan wà níbẹ̀ tí í jẹ́ Olókùn Ẹṣin, òun ni olórí àwọn tó ń mójú tó ẹṣin ọba. Ọ̀kan lára àwọn abọ́bakú ni: bí Aláàfin bá wàjà, òun náà kò gbọdọ̀ pẹ́ láyé. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, ìjọba àwọn Òyìnbó dá Olókùn Ẹṣin ìgbà náà dúró kí ó má bàa kú. Ọmọ rẹ̀ ló kú dípò rẹ̀. Ìtàn yìí ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà ní ọdún 1964, òun náà ni Wọlé Ṣóyínká gbé ìwé eré rẹ̀ ti ọdún 1975 kà. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí irú àṣà bẹ́ẹ̀ padà wá. Ṣùgbọ́n ó fi hàn bí okùn tó wà láàárín ọba, ẹṣin àti ẹni tó di okùn ẹṣin mú ti yi tó.

Ìbọn àti igbó ló gba ogun lọ́wọ́ ẹṣin. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo, láti ìgbà náà ni ẹṣin ti ń di ohun iyì ju ohun ìjà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà títí di òní ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn ọdún Iléyá, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin ọlọ́ṣọ̀ọ́ wá júbà Awùjalẹ̀.

Nílẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà, níbi tí ẹṣin ààyè ti ṣọ̀wọ́n, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ẹṣin tí eṣinṣin kò lè pa. Ó wà lára òpó ààfin, ó wà nídìí agéré Ifá, ó wà lórí ère Èpa tí ọkùnrin alágbára ń gbé rù jó, tí yóò sì fi fò gun òkìtì lójú agbo. Ọmọ ilé ìwé tó bá kọ́kọ́ rí ère wọ̀nyí lè rẹ́rìn-ín, nítorí ẹṣin náà kéré bí ewúrẹ́, ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Kò yẹ kó rò pé oníṣẹ́ ọnà kò mọ̀ ọ́n gbẹ́. Ipò ènìyàn ni ó ń gbẹ́, kì í ṣe ìwọ̀n ẹran. Ẹni tó wà lórí ẹṣin ni ọ̀rọ̀ kàn. Orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ là kedere, ìjánu wà lọ́wọ́ kan, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Àwọn àgbà oníṣẹ́ bí Àrẹ̀ògún ti Ọ̀sì àti Bámgbóyè ti Òdò-Ọ̀wá gbẹ́ irú ẹlẹ́ṣin bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè kúrò lára rẹ̀.

Ẹṣin igi náà ní ọjọ́ lílọ tirẹ̀. Bí ikán bá jẹ ẹ́ tàbí tí òjò pa á jẹrà, àwọn tó ni ojúbọ yóò bẹ oníṣẹ́ mìíràn níṣẹ́, tuntun yóò sì rọ́pò ògbólógbòó. Wọn kì í fi èyí ṣe ìbànújẹ́ títí, nítorí ọwọ́ tó lè gbẹ́ ẹ ṣì wà, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn ará ilé. Irú lílọ kejì ló dun ni. Bàbá kú, ọmọ ti di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, ère wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Oníṣòwò kan dé lọ́wọ́ àṣálẹ́, ó ka owó díẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e lọ. Òfin tó de kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nílẹ̀ yìí láìgbàṣẹ ti wà láti ọdún 1953, ọdún 1979 sì ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń mójú tó mùsíọ̀mù sílẹ̀. Síbẹ̀, ère lọ, ó lọ rẹpẹtẹ. Bí ó bá dé òkè òkun, ohun tí wọ́n máa ń kọ sí ìdí rẹ̀ ni pé Yorùbá ló ni ín, a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹṣin náà kò fi ìrù kankan sílẹ̀.

Títà nìkan kọ́ ni ẹ̀bi wà. Ènìyàn lè jọ̀wọ́ ohun tó fẹ́ràn pẹ̀lú ọgbọ́n. Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí í gbé ní Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe ẹṣin, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sára òpó ni ó gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní ọdún 1924, àwọn aláṣẹ British Museum sì fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni ó gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé àga kan kò tó ilẹ̀kùn yẹn, ó sì lè jàre. Ṣùgbọ́n ọba mọ ohun tó ń fi sílẹ̀, ó mọ ẹni tó ṣe é, kò sì jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣófo.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìdílé tó ní ère béèrè lọ́wọ́ ara wọn kí wọ́n tó jẹ́ kí ó jáde, ìbáà ṣe sí mùsíọ̀mù tòótọ́: ta ló gbẹ́ ẹ, ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ọdún wo ni wọ́n fi ń gbé e jó, kí ni wọ́n ń pè é? Ìwé ìléèwé kan péré gbà á. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní àṣà lè fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ wọn, kí àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n tó lọ.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Òpó kan tí ó gbẹ́, tí ọkùnrin jókòó sórí ẹṣin lókè rẹ̀, tí obìnrin sì gbé e dúró nísàlẹ̀, wà ní Metropolitan Museum ní New York. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, wá bá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láyé. Ìyá àgbà náà ki oríkì ọkọ rẹ̀, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Láti inú oríkì yẹn ni ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ilé ńláńlá òkè òkun ń sọ nípa Ọlọ́wẹ̀ lónìí ti wá.