Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ti Í Ṣọ́ Pínpín Àdírẹ́sì Lórí Súwíìṣì Kọ̀ǹpútà

Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì. Bí o bá wọ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, ìwọ yóò rí i pé wáyà ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan parí sínú ihò kan lára àpótí pẹlẹbẹ tí à ń pè ní súwíìṣì. Kì í ṣe súwíìṣì tí a fi ń tan iná ni mo ń wí o. Èyí ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà kan, tí ó ń fi í jíṣẹ́ fún òmíràn.

Kọ̀ǹpútà tí kò ní àdírẹ́sì kò lè bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ètò DHCP, tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1993, ni ó ń pín àdírẹ́sì náà. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, yóò ké sí gbogbo ará ilé pé, "Ta ni yóò fún mi ní àdírẹ́sì?" Sáfà yóò dáhùn pé, "Gba èyí." Kọ̀ǹpútà yóò ní, "Èyí náà ni mo fẹ́." Sáfà yóò sì fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tí ó dá a lóhùn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọhùn ni ó sábà máa ń gbà gbọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀, ẹnìkan gbé ráútà ilé rẹ̀ wá, ó so ó mọ́ ihò kan lára ògiri kí fóònù rẹ̀ lè rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ráútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò rí sáfà ìdánwò mọ́; àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Àìmọ̀kan ni tirẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ oníkálukú lè máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ètò tí ó ń dènà èyí ni DHCP snooping. Ihò tí ó lọ sọ́dọ̀ sáfà tòótọ́ nìkan ni a óò sọ fún súwíìṣì pé kí ó fọkàn tán. Bí ìdáhùn sáfà bá gba ihò mìíràn wọlé, yóò dà á nù. Yóò sì tún máa kọ ìwé: àdírẹ́sì tí a fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, nọ́ḿbà MAC rẹ̀, ihò tí ó wà, àti àkókò tí ó ṣẹ́kù fún un.

Ṣíṣọ́ ètò náà ni iṣẹ́ gan-an. Lórí súwíìṣì Cisco, kọ́kọ́ tẹ "show ip dhcp snooping". Yóò fi hàn ọ́ bóyá ètò náà wà ní títàn, àti fún VLAN wo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a tan ètò, wọn a gbàgbé VLAN. Wọn kò sì ṣọ́ nǹkan kan. "Show ip dhcp snooping binding" ni yóò ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ 40, tí ìwé sì ní 5 péré, má ṣe pariwo. Kọ̀ǹpútà tí a fọwọ́ kọ àdírẹ́sì fún kò ní sí níbẹ̀. Èyí tí ó ti gba tirẹ̀ kí a tó tan ètò náà kò ní hàn títí yóò fi tún un gbà.

"Show ip dhcp snooping statistics" ń ka iye ọ̀rọ̀ tí a dà nù. Bí iye tí ó ti ihò tí a kò fọkàn tán wá bá ń gòkè lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí ráútà àjèjì wà níbì kan. Síbẹ̀, kí o tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, wò ó bóyá ihò sáfà tòótọ́ ni ìwọ fúnra rẹ gbàgbé láti fọkàn tán. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, wá nọ́ḿbà MAC ẹni tí ó fọhùn nínú àkọsílẹ̀ ìkìlọ̀ súwíìṣì, fi "show mac address-table" wá ihò rẹ̀, kí o sì tọ wáyà náà dé ìdí.

Ohun kan kù tí ó kan àwa tí iná ń lọ lọ́dọ̀ wa. Bí súwíìṣì bá kú tí ó sì tún tan, ìwé náà yóò ti pa rẹ́, àfi bí a bá ti ní kí ó máa tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì. Bí ètò ààbò mìíràn bá sì gbójú lé ìwé náà, kọ̀ǹpútà aláìṣẹ̀ ni yóò tì síta.