Ilé tí kì í jẹ iná púpọ̀: ṣé ó yẹ kí ó wọ́n ju èkejì rẹ̀ lọ?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé tàbí gba yàrá á béèrè bóyá omi wà, bóyá mọ́sálásí kò sì jìnnà. Ní báyìí, a tún ń béèrè pé: èló ni ilé yìí yóò máa gbà lọ́wọ́ wa lórí iná lóṣooṣù?

Ohun tí ó fà á kò pamọ́. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, jẹnẹrétọ̀ sì di ẹrù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tí wọ́n ń pè ní Band A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì márùn-ún, tí a ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lálaalẹ́, á jẹ yúníìtì 54 lóṣù. Gílóòbù LED oní-9 wáàtì márùn-ún á jẹ nǹkan bí 8 péré. Ní iye owó yẹn, ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní ₦10,000, a kò sì tíì kan firíìjì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kó lọ lè tú gílóòbù rẹ̀. Ohun tí kò ṣeé tú ni ó yẹ kí ó fi kún owó ilé: àjà lábẹ́ páànù, fèrèsé tí ó kọjú síra wọn, igi tí ó ṣíji bo ògiri ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́, tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì tutù nínú ooru oṣù kejì ju ọ̀pọ̀ ilé búlọ́ọ̀kù tí kò ní àjà lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ilé tí a fẹ́ tà tàbí fi háyà gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ó ń fi ìpele A dé G hàn. Láti 2018, onílé kò lè gba ayálégbé tuntun sí ilé tí ó rẹlẹ̀ ju ìpele E lọ, àyàfi èyí tí òfin yọ sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹnu ẹni tí ó ń tà ni ìwé wa. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé àbùkù ọjà, Ọlọ́hun á fi ìbùkún sí òwò wọn; bí wọ́n bá fi pamọ́, ìbùkún á kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, kí olùtà sọ bí gbèsè iná bá wà lórí mítà, nítorí ẹni tuntun ni wọ́n sábà máa ń wá bá. Bí sólà bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ orí bátìrì. Páànẹ́lì lè lò ju ogún ọdún lọ, ṣùgbọ́n bátìrì olómi lè kú láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ má san owó tuntun fún un. Kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn bóyá onílé yóò fi sólà náà sílẹ̀ tàbí yóò tú u lọ.