Nígbà Tí Baálé Ilé Bá Ń Hanrun Lóru

Ẹ̀rín ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ híhanrun rín ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àwọn ọmọ a máa sín baba wọn jẹ. Ìyá ọkọ a sì máa sọ pé bí bàbá rẹ̀ náà ti ń ṣe nìyẹn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kà á sí àmì ìfọ̀kànbalẹ̀: ẹni tí ó jẹun yó, tí kò sì jẹ gbèsè, ni ó ń sùn tí ilé ń mì tìtì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bá wọn rẹ́rìn-ín. Irú híhanrun kan wà tí kì í ṣe oorun àsùngbádùn rárá, ìyàwó tí ó sùn ti ọkọ rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí dókítà yóò béèrè.

Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa ní òru ọjọ́ kan. Bí ọkùnrin náà bá ń hanrun kíkankíkan, tí ariwo náà dédé dá, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kankan kò gba imú wọlé, tí ó wá ta gìrì, tí ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, a jẹ́ pé èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun. Àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sleep apnea nìyẹn. Bí ènìyàn bá sùn, ẹran ara ọ̀nà ọ̀fun a dẹ̀, ahọ́n a sì ṣubú sẹ́yìn. Bí ọ̀rá bá pọ̀ lọ́rùn, tàbí tí bélubèlu bá tóbi, ọ̀nà náà a pa dé. Ọpọlọ a rí i pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ti ń dín kù, a sì ta ẹni náà jí díẹ̀, kí ó lè mí. Ìdádúró tí ó bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni àwọn dókítà ń kà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, àìsàn ti bẹ̀rẹ̀; bí ó bá tó ìgbà 30, ó le gan-an. Ẹ ro ó wò: ẹni tí a jí ní ìgbà 30 láàárín wákàtí kan, tí kò sì rántí ọ̀kankan nígbà tí ilẹ̀ mọ́! Yóò máa búra pé òun sùn dáadáa ni.

Ojú ọ̀sán ni àṣírí ń tú. Orí a máa fọ́ ọ láàárọ̀, ẹnu a máa gbẹ, yóò sì ti dìde tọ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóru, débi pé ẹ óò rò pé ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè má gbọ́ oògùn. Inú a máa tètè bí i, a sì máa tòògbé níbi tí kò yẹ. Awakọ̀ tí ó bá ń tòògbé lójú ọ̀nà Ọmù-Àrán sí Ìlọrin kò sàn ju ẹni tí ó mutí lọ.

Mo fẹ́ kí a sọ èyí tí ojú ń tì wá láti sọ. Àwọn ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń jíṣẹ́ láti ẹ̀yà ara kan sí èkejì. Họ́mónù ni wọ́n ń pè wọ́n. Èyí tí ó jẹ́ olórí fún ọkùnrin ni testosterone. Òun ni ó ń fún un ní irùngbọ̀n, iṣan, okun, àti ìfẹ́ sí aya rẹ̀. Ojú oorun ni ara ti ń pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi máa ń pọ̀ jù lọ ní òwúrọ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọ̀dọ́kùnrin 10 tí ara wọn le. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa sùn fún wákàtí 5 péré lóru fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Testosterone wọn lójú ọ̀sán fi ìdá 10 sí 15 nínú 100 dín kù. Ọjọ́ ogbó fúnra rẹ̀, ìdá 1 sí 2 ni ó ń mú kúrò lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí a kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ní 1945, nìkan ni wọ́n lè jókòó tọ̀sán-tòru láìsùn kí nǹkan kan má ṣe wọ́n.

Ti ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá dúró tún burú ju èyí lọ, nítorí pé oorun rẹ̀ já sí wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá tún sanra, ọ̀rá ikùn a máa sọ díẹ̀ nínú testosterone di họ́mónù ti obìnrin. Àárẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó ṣe eré ìdárayá, yóò sì tún máa sanra sí i. Báyìí ni wàhálà kan ń bí èkejì.

Kí ni a máa ń ṣe nílé wa bí ó bá rí bẹ́ẹ̀? A óò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a óò sì ra àgbo. Ìyàwó a máa rò pé ọkọ òun ti ní obìnrin mìíràn níta. Bí oyún kò bá sì tètè dé, òun ni wọn yóò máa wò láwòtúnwò. Èmi kò fara mọ́ ọn kí a máa fi obìnrin nìkan ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì sun oorun gidi láti bí ọdún mẹ́ta.

Ẹ kíyè sára fún abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn kan ń tà. Bí ara bá ti ń gbà á láti òde, ẹpọ̀n a dẹ́kun iṣẹ́, àtọ̀ tí ó lè di ọmọ a sì dín kù gidigidi. Ó tún lè mú kí èémí túbọ̀ máa dá dúró. Dókítà tòótọ́ yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kùtù, yóò sì tún un yẹ̀ wò ní ọjọ́ mìíràn, kí ó tó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ìwòsàn wà. Ní 1981, Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kéde ẹ̀rọ kan tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀fun láti inú ìbomú, kí ọ̀nà má baà pa dé. Ó gbówó lórí, ó sì ń fẹ́ iná mànàmáná, èyí tí gbogbo wa mọ bí ó ti rí. N kò ní tàn yín: ẹ̀rọ yìí ń mú oorun padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kò dájú pé òun nìkan lè gbé testosterone ga. Sísan díẹ̀díẹ̀ kúrò lára ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìyàwó ilé ti tó o. Ẹ gbé oúnjẹ alẹ́ wá ní kùtùkùtù. Kí òkèlè iyán dín kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jáwọ́ nínú ẹmu àti ọtí líle lálẹ́, nítorí wọ́n ń mú ọ̀fun dẹ̀. Kí ó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kì í ṣe kí ó sùn síra ẹ̀yìn. Ẹ lè rán àpò kékeré sí ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan sí i; bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò lé e dìde. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pànìyàn lójú oorun.

Ẹ má sọ ọ́ fún un lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹ má sì fi ṣe ẹ̀sùn. Ẹ dúró di ìgbà tí ó bá ku ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ sì wí pé, "Bàbá Adé, ẹ̀rù bà mí lóru àná, ẹ kò mí fún ìgbà díẹ̀." Ọ̀rọ̀ èémí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti ibùsùn. Bí ó bá jiyàn, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó fetí ara rẹ̀ gbọ́.

Kì í ṣe òun nìkan ni kò mọ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2018 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Jackson, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 24 nínú 100 ni àìsàn yìí mú dé ìwọ̀n tí ó yẹ kí a tọ́jú. Nínú wọn, ìdá 5 péré nínú 100 ni dókítà ti sọ fún.

Ọsibítù ìjọba Ọmù-Àrán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọrùn rẹ̀. Ọrùn tí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ ń fẹ́ ìfura. Bí ó bá yẹ, wọn yóò darí yín sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ bá a lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé: ìgbà tí ó sùn, iye ìgbà tí èémí dá dúró, iye ìgbà tí ó dìde tọ̀. Dókítà yóò fẹ́ rí ìwé náà.